Ààlà Ló Yan Èdè Kọ̀ǹpútà Fún Wa

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, pàápàá lẹ́yìn tí èsì BEPC tàbí BAC bá ti jáde: «Olùkọ́, ọmọ mi fẹ́ kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe ojú òpó ayélujára. Èdè kọ̀ǹpútà wo ni kó kọ́?» Àwọn míràn á ti gbọ́ orúkọ mélòó kan: PHP, JavaScript, Python. Wọ́n á máa pè é bí ẹni ń pe orúkọ oògùn, wọ́n á ní kí a mú èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ fún àwọn.

Tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ la máa ń dáhùn. Ní báyìí, a máa ń ní kí wọ́n jókòó ná, nítorí ìtàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí a wà ní lìsé, kò sí kọ̀ǹpútà kankan ní kíláàsì wa. Ojú wa ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe dé. A ò sì rántí ọjọ́ kan tí a jókòó, tí a gbé èdè kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò, tí a mú èyí tó wù wá. Wọ́n ti yàn án fún wa kí a tó débẹ̀, ààlà ló sì yàn án jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1995.

Láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé pé jọ sí Kútọnu. Ìpàdé kẹfà irú rẹ̀ ni. Ààrẹ Nicéphore Soglo ló gbà wọ́n lálejò. Ọdún yẹn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ Bẹ̀nẹ̀, ìpàdé yìí ló sì jẹ́ kí wọ́n tètè fà á wọlé. Jacques Chirac, tó jẹ́ ààrẹ Faransé nígbà náà, fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn níbẹ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba gbogbo ọ̀nà ìròyìn tuntun yìí kan.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà gan-an, ọjọ́ tí ìpàdé ń parí ní Kútọnu, iléeṣẹ́ Netscape àti Sun kéde èdè kọ̀ǹpútà tuntun kan ní Amẹ́ríkà. JavaScript lorúkọ rẹ̀. Brendan Eich ló ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ní ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ní oṣù kẹfà ọdún 1995 kan náà, Rasmus Lerdorf, ẹni tí wọ́n bí ní Greenland, fi irinṣẹ́ kékeré kan síta fún gbogbo ayé, èyí tó ti ń lò fún ojú òpó tirẹ̀. PHP nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Kútọnu nípa bí Faransé kò ṣe ní í parun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè méjèèjì tí a máa fi kọ́ gbogbo ojú òpó ti jáde nílé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀rọ̀ inú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ya àwọn èdè wọ̀nyí sọ́tọ̀ díẹ̀, nítorí ibi tí àwọn òbí ti máa ń ṣìnà nìyí. HTML ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán. Tim Berners-Lee ló mú un wá, ní CERN. Láti ọdún 1989 ló ti ń gbé èrò ayélujára yìí kalẹ̀, àwọn CERN sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993. (Ibi tí CERN wà, ààlà Faransé àti Swítsálandì gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn náà jẹ́ ará ààlà bíi tiwa, àmọ́ tiwọn kò ní dùwáánì tó ń dá ọlọ́kadà dúró.) CSS ló ń fún ojú ìwé ní àwọ̀ àti ìwọ̀n. JavaScript ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù ẹni tó ń kà á. PHP ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, nínú kọ̀ǹpútà tí ojú òpó náà ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń to ojú ìwé jọ kó tó fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó bá ń béèrè bóyá HTML ni kí ọmọ òun kọ́ tàbí PHP, ó dà bí ẹni tó ń béèrè bóyá ògiri ni kí òun kọ́ tàbí òrùlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààlà.

Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni wọ́n ti ń fa ìlà tó gba àárín wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì pín sí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé wa déédéé mọ ìyẹn dáadáa, a ò ní tún un rò. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìlà yẹn náà ló yan èdè kọ̀ǹpútà fún wa lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ Ìmẹ̀kọ tó bá rí «if» lórí kọ̀ǹpútà, ó ti mọ̀ ọ́n láti kíláàsì kejì. Àwa ńkọ́? Ní Faransé, «if» jẹ́ orúkọ igi kan tí kò sí ní ilẹ̀ wa. «Else» kò jẹ́ nǹkan kan rárá. «While» ni a ń pè ní «wilé» fún odidi ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ wa náà ń pè é. A há àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí bí ọmọ iléekéwú ṣe ń há kéwú sórí kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn Faransé fúnra wọn ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ̀ǹpútà wọ àwọn lìsé kan nílùú wọn, wọ́n sì ní èdè kan fún un tí wọ́n ń pè ní LSE, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Faransé pọ́ńbélé: SI, ALORS, SINON, AFFICHER. A ò fojú kan LSE rí. Ṣùgbọ́n a rí WinDev, tí wọ́n ń ṣe ní Montpellier, tó ń gbà kí èèyàn fi Faransé kọ ètò. A mọ àwọn tó ń fi jẹun dòní ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, àwọn tó ń ṣe ètò ìṣirò owó fún àwọn oníṣòwò. Owó ni wọ́n fi ń rà á, ìdí nìyẹn tí kò fi bá wa dé Kétu. Lẹ́yìn náà ni SPIP jáde ní oṣù keje ọdún 2001. Ọ̀fẹ́ ni, inú PHP ni wọ́n ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó á máa kọ BOUCLE àti #TITRE. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé ló gùn lé SPIP nígbà kan.

Àmọ́ ohun tó mú wa gba PHP gan-an kò sí nínú èdè náà fúnra rẹ̀. Ìwé ìkọ́ni ni. Ní ọdún 1999, ọmọkùnrin kan ní Faransé, Mathieu Nebra, ọmọ ọdún 13, kò rí ìwé kankan tó yé e lórí bí a ti ń ṣe ojú òpó, ló bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó pè é ní Site du Zéro: ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí ló kọ ọ́ fún. HTML, PHP, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní Faransé tó rọrùn, lọ́fẹ̀ẹ́. (Ní ọdún 2013 ló di OpenClassrooms.) Ìgbà yẹn, owó wákàtí kan ní ilé cyber tó owó oúnjẹ ọ̀sán wa. Nítorí náà, a kì í jókòó kà á níbẹ̀. A ó ṣí ojú ìwé mẹ́wàá, a ó tọ́jú wọn sórí clé USB, a ó sì máa gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. A ti rí clé kan tó rìn láti Kútọnu dé Kétu, láti Kétu dé Pobẹ̀, kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni í. Kòkòrò kọ̀ǹpútà ti kún inú rẹ̀ bámú nígbà tó fi dé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Nǹkan kejì ni EasyPHP, tí àwọn ará Faransé náà ṣe. Ó ń jẹ́ kí PHP ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá gbé ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ohun tí èèyàn ń wọkọ̀ lọ bá, kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Àwọn kan ní Èkó nígbà náà ń bá ara wọn jiyàn pé Java dára jù, tàbí ASP ti Microsoft. Àwa kò jiyàn. Èyí tó ní ìwé ní Faransé, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́, òun la kọ́. A ò kábàámọ̀ rẹ̀. Facebook tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, PHP ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004. WordPress tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, PHP ni.

Ibi tó ti dùn wá ni ibòmíràn, a ò sì tíì sọ ọ́ lójú ìwé yìí rí.

Ní àwọn ọdún yẹn, a fẹ́ fi ohun tí a kọ́ ṣe nǹkan fún ilé. A lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní agboolé kan ní Kétu, ó ka oríkì ìdílé wọn fún wa: àwọn tó wà kí ogun Dahomi tó fọ́ Kétu ní 1886, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, àwọn tó padà wá tún ilé kọ́. A kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, a wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ tọ́jú fáìlì náà, kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún wa ní Faransé pé àwọn lẹ́tà kan máa sọnù. A kà á. A tẹ OK. Ẹ̀bi tiwa ni, a ò dì í ru ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a tún ṣí i, «ọmọ ọba» ti di «?m? ?ba».

Ẹ wo bó ṣe rí. Fáìlì náà ń lo àkójọ lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù ìwọ̀-oòrùn, èyí tí kò ní ju lẹ́tà ìgbà ó lé díẹ̀ lọ. É wà níbẹ̀, È wà níbẹ̀, À wà níbẹ̀, nítorí Faransé nílò wọn. Ẹ, Ọ àti Ṣ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, «oko» kò fara pa, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rí «?k?», ta ló lè sọ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n fi kó wọn lọ sí òkun? Nínú oríkì, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú inú wò ni. A sáré lọ wá ìwé àjákọ náà. Òjò ti wọ ibi tí a kó o sí.

Ohun tó tún ń dun èèyàn níbẹ̀ ni pé oògùn àrùn yìí ti wà tipẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, tó lè gbé lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Ó ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé Kútọnu. Ṣùgbọ́n àwọn àpẹẹrẹ tí a ń dà kọ nígbà náà, ẹni tó fi Faransé ronú ló kọ wọ́n, lẹ́tà tirẹ̀ sì ti pé. Kò ṣe é láti pa wá lára. Kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀ ni.

Tiwa tún le ju ti àwọn ará Ìmẹ̀kọ lọ níbẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà kọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ, ọ, ṣ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, láti ìgbà tí ìjọba ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀ ní 1975, ɛ, ɔ àti sh ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹni tó bá ṣe ojú òpó fún wa, tó fi ibi ìwádìí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tí ẹnì kan tẹ «ɛ̀kɔ́», kọ̀ǹpútà kò ní bá a mú «ẹ̀kọ́» wá àfi tí ẹni tó kọ ètò náà bá ti sọ fún un pé ọ̀kan ni wọ́n. Àwọn tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ èdè fún kọ̀ǹpútà lágbàáyé ti mọ̀ pé a wà báyìí: «yo» ni àmì Yorùbá, «yo-BJ» sì ni ti Bẹ̀nẹ̀, ó ní orúkọ oṣù àti ọjọ́ pẹ̀lú ɛ àti ɔ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ojú òpó kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ìdánwò kan wà tí a máa ń ṣe ní kíláàsì. A ó kọ «Ẹ̀kọ́» sójú pátákó, a ó ní kí wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀. Gbogbo ọmọ á ní mẹ́ta. A ó wá bi PHP pẹ̀lú «strlen», á ní 11. A ó bi JavaScript pẹ̀lú «length», á ní 5. Ariwo á sọ! Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ń purọ́ o. PHP ń ka iye ààyè tí lẹ́tà gbà nínú ìpamọ́: Ẹ gba mẹ́ta, àmì orí rẹ̀ gba méjì, k gba ọ̀kan, ọ gba mẹ́ta, àmì orí rẹ̀ gba méjì. JavaScript ní tirẹ̀ ka lẹ́tà, ó tún ka àmì orí lọ́tọ̀. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó ṣe Ẹ̀ olóhùn ní odidi kan bí wọ́n ti ṣe É fún Faransé. Ọmọ tó bá ṣe ibi ìforúkọsílẹ̀, tó ní kí orúkọ má ju lẹ́tà 20 lọ, á ti àwọn ará ilé rẹ̀ síta láìmọ̀.

Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Fóònù gba ipò ilé cyber. Ní ọdún 2018, ìjọba fẹ́ máa gba fránǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo pẹ̀lú #TaxePasMesMo, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, ẹ rántí pé inú WhatsApp ni àwọn ọmọ yín ti ń pín ẹ̀kọ́ fún ara wọn bí àwa ṣe pín clé USB. Ní ọdún 2019, Epitech ṣílé ìwé sí Kútọnu. Ọ̀nà jìn sí Kétu, owó rẹ̀ sì jìn ju ọ̀nà lọ.

Ní báyìí, fídíò Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa ń wò, àwọn ìbátan wọn ní Ìmẹ̀kọ ló sì ń ṣàlàyé ohun tí kò yé wọn. Ní èdè wo? Ní Yorùbá ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí a fi Yorlang hàn wọ́n lọ́jọ́ kan. Ọmọ Nàìjíríà kan, Anuoluwapo Karounwi, ló ṣe é. Ó gùn lé JavaScript, ṣùgbọ́n «jẹ́kí» àti «sọpé» lèèyàn ń kọ nínú rẹ̀, «nígbàtí» sì wà níbi tí àwa ti ń pe «wilé». Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọmọbìnrin kan tó ti ń sùn ní kíláàsì wa láti oṣù méjì dìde, ó ní: «Tọ̀ọ́, ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ náà nìyí?» Kò sẹ́ni tó máa gbà á síṣẹ́ nítorí Yorlang, a sì sọ ìyẹn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí Faransé wa fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, tí kò wọlé, wọlé lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ fún òbí nísinsìnyí nìyí. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HTML àti CSS, wọn ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú JavaScript, nítorí fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó láti fi gbìyànjú rẹ̀. Tó bá fẹ́ tètè rówó lágbègbè wa, lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó fẹ́ ojú òpó kékeré, kó kọ́ PHP àti WordPress. Python dára, ṣùgbọ́n kó má fi ṣe àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò. Kí ẹ sì jẹ́ kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín ní Yorùbá lálẹ́. Tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kó padà lọ kà á. Ọjọ́ kìíní pàá ni kó ti kọ UTF-8 sí orí fáìlì rẹ̀.

A padà lọ sí agboolé yẹn lọ́dún tó kọjá. Bàbá ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ àgbà ṣì wà, ó jókòó tì wá ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, ó ń tún «?k?» kọ̀ọ̀kan ṣe fún wa. Ọkọ́ ni èyí. Ọkọ̀ ni tọ̀hún. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn mẹ́rin wà tí ìyá sọ pé òun kò lè búra lé lórí, ó ní kí a má fi ti ara wa sí i. A fi àmì ìbéèrè sílẹ̀ níbẹ̀ bó ti wà.